Kúbùsù Tó Ń Tàn Nínú Ọyẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí bí àìmọ̀ ṣe ń múra bí ọ̀mọ̀wé, ì bá ti wà nílé wa ní Adja-Ouèrè láàárọ̀ ọjọ́ tí àbúrò ìyá mi wá bá mi to kọ̀ǹpútà. Ó wọ púlófà méjì léra wọn nítorí òtútù ọyẹ́, méjèèjì jẹ́ onírun ọ̀rá, irú èyí tó máa ń dún ṣáṣáṣá bí èèyàn bá ń bọ́ ọ. Ó fi ẹ̀gbà dúdú kan sọ́wọ́ òsì, okùn gígùn kan so mọ́ ẹ̀gbà náà, irin kékeré tó ń la ẹnu bíi ti akàn sì wà ní ìparí okùn. Ó fa okùn náà, ó fi irin yẹn gbá apá àga rọ́bà tó jókòó lé mú, ó wá wo èmi àti ìyá mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ ogun.

Iṣẹ́ ẹ̀gbà náà ni láti fa iná ara ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ sínú ilẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ètè ń là, iná kékeré kan máa ń gun ara èèyàn láìjẹ́ pé ó mọ̀. Tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn irin, yóò ta á. Iná yẹn kò lè pa eṣinṣin, ṣùgbọ́n ó lè pa ohun inú kọ̀ǹpútà láìsí èéfín, láìsí òórùn, láìsí ariwo. Ìdí nìyẹn tí a fi ń so ẹ̀gbà mọ́ irin tó wọlẹ̀. Rọ́bà kì í gbé iná lọ síbì kankan. Àbúrò ìyá mi so ara rẹ̀ mọ́ àga rọ́bà, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ewúrẹ́ òun sá lọ, tó wá so ó mọ́ ewúrẹ́ mìíràn.

Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé ní Tatonnonkon. Kò sí ohun tí kò mọ̀ níbẹ̀. Ó mọ oògùn ibà, ó mọ ọjọ́ tí òjò yóò rọ̀, ó mọ ẹni tí yóò wọlé ìbò. Òjò máa ń rọ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ẹlòmíràn sì máa ń wọlé, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dí i lọ́wọ́ kó máa mọ̀.

"Tọ́ntọ̀n," mo ní, bí àwa ṣe ń pe àbúrò ìyá ẹni ọkùnrin, "àga yẹn, rọ́bà ni."

"Mo mọ̀. Ṣé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé àwa ò ríran ni?"

"Ibo wá ni iná náà máa gbà wọlẹ̀?"

"Inú ẹ̀gbà ló máa dúró sí. Ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Mo ka ìwé rẹ̀."

Mo ti rí ìwé náà nínú páálí ẹ̀gbà. Èdè àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀.

Mo yí ẹnu padà sí Faransé. Faransé ni mo máa ń fi bú u, nítorí òun ló fi ń yangàn, mo sì fẹ́ kó dùn ún. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un ní Faransé náà, kíníkíní: ohun tí iná ọyẹ́ jẹ́, aṣọ tó ń kó o, aṣọ tí kì í kó o, ìdí tí kò fi yẹ kí ẹni tó wọ púlófà ọ̀rá méjì sún mọ́ tábìlì mi. Mo ṣe é bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ fún ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ẹnu rẹ̀ kan, inú mi dùn. Ìyá mi, tí kò gbọ́ ju "bọ́ǹzùù" lọ nínú Faransé, jókòó lẹ́bàá ògiri, ó ń wo èmi, ó ń wo àbúrò rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín pé ẹ̀yin méjèèjì yìí mọ̀wé o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ má baà rò pé ẹnu lásán ni mo ń fi ń jà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Kútọnú, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń to kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi ṣẹ́ku nìkan sínú ilé oníyàrá márùn-ún. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti fọ́n ká. Èmi ni mo padà wálé, mo ní n óò ṣí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkópì, sínú yàrá iwájú tí bàbá mi ti ń gbàlejò. Àwọn olùkọ́ yóò máa kó ìdánwò wá, àwọn tó ń lọ sí mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, yóò máa wá tẹ lẹ́tà. Ọ̀gá mi ní Kútọnú ní òun á fi àyè mi sílẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Tí mi ò bá dé títí di ìgbà yẹn, òun á gba ẹlòmíràn.

Nítorí náà, tí kọ̀ǹpútà yẹn bá ṣiṣẹ́, mo dúró ti ìyá mi. Tí kò bá ṣiṣẹ́, mo padà lọ. Kò sí òmíràn tí mo lè tò. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ti kó àwọn ohun inú rẹ̀ jọ, káàtì tó jẹ́ gbòógì nínú wọn, pátákó aláwọ̀ ewé tí gbogbo ohun yòókù ń dúró lé, ti di ohun tí wọn ò tà mọ́. Ẹyọ kan tí mo rí, orí ire ló bá mi rí i.

Ìyá mi mọ èyí. Ó ti gbá yàrá iwájú náà fún ìgbà tí mi ò lè kà. Ó ti ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ òun ò lọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kúbùsù ló kù. Nígbà tí bàbá mi ti Mọ́kà dé, ó kó tẹ̀sùbáà àti omi sámúsámù wá fún gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n kúbùsù kan ló mú wá fún ìyá mi, ńlá, onírun, tó kún fún òdòdó pupa. Tí ọyẹ́ bá dé, tí ìyá mi bá ṣí i lára láti dìde kírun àsùbáà, kúbùsù náà á dún tá-tá-tá, iná wínníwínní á sì máa ta lára rẹ̀ nínú òkùnkùn. Bàbá mi rí i, ó ní alùbáríkà ni. Ìyá mi gbà á gbọ́. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá níyì nílé wa, inú kúbùsù yẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ wé e sí: ìwé ẹ̀rí mi, ọmọ tuntun tí ẹ̀gbọ́n mi bí, kọ́kọ́rọ́ alùpùpù bàbá mi lọ́jọ́ tó rà á. Bí iná bá ta lórí nǹkan náà, wọ́n á ní ó ti gba alùbáríkà.

Kúbùsù ọ̀rá ni. Ilé-iṣẹ́ kan ló ṣe é, kò sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti púlófà àbúrò ìyá mi. Ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kútọnú ni mo ti mọ ohun tó ń tàn lára rẹ̀. Ṣé mo sọ fún ìyá mi? Rárá o. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù ni mo sọ ọ́ fún. Mo fi ohùn ìyá mi sọ ọ́, mo fi ọwọ́ ṣe bó ṣe ń gbọn kúbùsù, mo rọra la ojú sílẹ̀ bíi tirẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n tún máa ń ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì máa ń sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, tèmi pé. Mo ti ri irin gígùn kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù, mo ti fa wáyà láti ibẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé. Aṣọ òwú ni mo wọ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi dúró. Pákó ni tábìlì mi, mi ò tẹ́ nǹkan kan lé e. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo máa ń kọ́kọ́ di wáyà yẹn mú. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, mi ò sì yẹsẹ̀ rí. Mo yọ káàtì náà kúrò nínú àpò rẹ̀ aláwọ̀ fàdákà tí iná ọyẹ́ ò lè wọ̀, mo gbé e sórí tábìlì, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dè é mọ́ inú àpótí irin.

Ẹsẹ̀ bàbà kéékèèké ló ń gbé káàtì sókè kó má baà kan irin àpótí. Mo kà wọ́n, ọ̀kan dín.

"Tọ́ntọ̀n, ẹ dìde."

"Kí ló dé?"

"Ẹ dìde ná."

Ó dìde. Àga rọ́bà tẹ̀lé e nítorí ẹ̀gbà tó so mọ́ ọn. A wo abẹ́ rẹ̀, a wo inú púlófà, a wo àpò ṣòkòtò rẹ̀, a ò rí i. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òun ti yẹ ọ̀kan wò lẹ́ẹ̀kan níta, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, bóyá ó já bọ́. Níta yẹn, yanrìn ni.

Ohun tí mo sọ fún un, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Ìyá mi ní, "Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò o, ọmọ mi." Ó ti ń pa òwe yìí fún mi láti kékeré, ó sì mọ̀ pé ọfà ni tèmi máa ń yọ. Àbúrò rẹ̀ bọ́ ẹ̀gbà lọ́wọ́, ó gbé e sórí àga bí ẹni tó ń kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó bọ́ sórí alùpùpù rẹ̀, ó gba Tatonnonkon lọ.

Èmi náà ní láti jáde. Ọkùnrin kan ń tún rédíò ṣe nítòsí ọjà, mo mọ̀ pé ó máa ń tọ́jú gbogbo ìdọ̀tí irin tó bá rí. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, eruku pupa ojú ọ̀nà Kpoulou ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Mo wo káàtì lórí tábìlì, mo wo ìyá mi. Mo lè dá a padà sínú àpò fàdákà rẹ̀, kò ní pẹ́ ju kí èèyàn sín lọ. Inú ń bí mi. Mo ní:

"Ìyá, ẹ má jẹ́ kí eruku kàn án o."

Ohun kan ṣoṣo tí mo sọ fún un nípa káàtì yẹn nìyẹn, láti ọjọ́ tí mo ti rà á.

Ọkùnrin oní rédíò ní agolo mílíìkì mẹ́tàlá, ó sì da gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún mi, ó ń sọ ìtàn irin kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka oríkì. Mo dúró, mo ń di eyín pọ̀. Nínú agolo ìkọkànlá ni a ti rí ẹsẹ̀ bàbà kan tó bá tèmi mu. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé.

Ìyá mi ti ti fèrèsé, ó ti ti ilẹ̀kùn nítorí eruku, yàrá náà ṣókùnkùn. Kò sí nǹkan kan lórí tábìlì. Ó jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, kúbùsù Mọ́kà wà lórí itan rẹ̀, ó wé bí ẹni wé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

"O ti dé? Eruku kankan ò kàn án," ó ní. "Mo fi nù ún dáadáa. Wá wò ó."

Ó ṣí kúbùsù náà. Ó dún tá-tá-tá. Iná búlúù kéékèèké fò láti ara irun kúbùsù bọ́ sórí káàtì mi, ọ̀kan, èjì, mi ò ka ìyókù. Ìyá mi gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ó gbà á! Bàbá rẹ ti fọwọ́ sí i. O ò lọ mọ́ nìyẹn."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ bàbà wà lọ́wọ́ mi. Mo gba káàtì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́.

Mo to kọ̀ǹpútà náà bó ṣe yẹ. Mo di wáyà mú kí n tó fọwọ́ kan ohun kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń fọ ẹsẹ̀ òkú kó má baà dọ̀tí. Mo tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí. Ojú ẹ̀rọ dúdú. Mo yọ èyí, mo fi tọ̀hún, mo tún un tẹ̀, fáànù yí, ojú ẹ̀rọ dúdú. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, àti ọjọ́ kejì títí oòrùn tún fi wọ̀. Ìyá mi ń gbé oúnjẹ wá, ó ń gbé e padà. Ó kàn ń ṣe àdúà sábẹ́ ẹnu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni àbúrò rẹ̀ tún yọjú, nínú púlófà kan náà. Ó wo ojú ẹ̀rọ dúdú, ó mi orí.

"Mo sọ fún ẹ," ó ní. "O ò lo ẹ̀gbà."

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá ti fi ẹnu bó o láwọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti dìde dúró láàárín wa, ó ń wò mí. "Ọmọ mi, kí ló ṣe é gan-an?"

Ìdáhùn náà wà lẹ́nu mi. Ó kúrú, ó pé, kò ní asán nínú. Mo wo kúbùsù tó ká sórí àpótí aṣọ rẹ̀.

"Bàjẹ́bàjẹ́ ni wọ́n tà fún mi, Ìyá. Ọkùnrin tó tà á fún mi ní Kútọnú ló rẹ́ mi jẹ."

Ọkùnrin náà ò rẹ́ mi jẹ. Ó tilẹ̀ tan káàtì náà lójú mi kó tó dì í, ó sì fún mi ní àpò fàdákà náà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí n má yọ ọ́ níbi gbígbẹ.

Ìyá mi jókòó. Ó gbé ọwọ́ lérí. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sókè, obìnrin tí mi ò gbọ́ èpè lẹ́nu rẹ̀ rí, ó ní, "Ẹni tó ba káàtì ọmọ mi jẹ́, kí ọmọ tirẹ̀ náà jìnnà sí i."

Àbúrò rẹ̀ ṣe àmín. Èmi ò ṣe é.

Ní ọjọ́ Àìkú mo di ẹrù. Ìyá mi tẹ̀lé mi dé ibi tí mo ti wọ ọkọ̀, ó gbé àpò ńlá kan rù. Ó ní kúbùsù ni, ó ní òtútù á wà ní Kútọnú, àti pé níwọ̀n bí òun ò ti ní sí níbẹ̀, kí alùbáríkà bàbá mi wà níbẹ̀. Mo ní kò sí òtútù ní Kútọnú. Ó ní kí n máa gbé e lọ. Bó ṣe na àpò náà sí mi, ìka wa kanra, iná ta àwa méjèèjì, ó sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Àyè mi ní ṣọ́ọ̀bù ṣì wà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kí mi káàbọ̀, kò sì pẹ́ tí ẹnì kan fi ní kí n sọ ìtàn kúbùsù tó ń tàn fún ọmọ iṣẹ́ tuntun. Mo ní mo ti gbàgbé bó ṣe lọ.

Afẹ́fẹ́ òkun ò jẹ́ kí ohunkóhun gbẹ ní Kútọnú. Kúbùsù yẹn wà lórí ibùsùn mi látìgbà náà. Mo ti ti fèrèsé, mo ti pa iná, mo ti fi ọwọ́ méjèèjì ra á títí ọwọ́ fi gbóná. Kò ta rí, kì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré.

Tí ọyẹ́ bá ti dé Adja-Ouèrè, ìyá mi á pè mí. Á sọ pé ètè òun ti là, pé yàrá iwájú ṣì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀, pé òun gbá a láàárọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ọkùnrin Kútọnú yẹn. Ní ọyẹ́ tó kọjá yìí, mi ò lè gbọ́ ọ mọ́.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣépè fún un mọ́. Ẹ dárí jì í."

"Ìwọ? Ìwọ tí kì í dárí ji ẹni tó bá sín nítòsí rẹ?"

"Èmi náà ni. Ẹ dárí jì í."

"Tó bá fẹ́ ìdáríjì, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ rẹ̀," ó ní. "Títí di ìgbà náà, kí ọmọ rẹ̀ jìnnà sí i."

Mo di fóònù mú, mo fa kúbùsù náà mọ́ra.

"Kúbùsù ńkọ́?" ó ní. "Ṣé ó ṣì ń tàn?"

"Ó ń tàn, Ìyá."